Ọwọ́ Tó Di Irun Ìyá

Kọ́sítọ́mà mi kan ló kìlọ̀ fún mi. Ó wá gba bùbá àti ìró tí mo rán fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ. Ó wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí, ó ní apá rẹ̀ bá òun mu. Lẹ́yìn náà ló fa kọ́tìnnì, ó jókòó sórí àpótí tí mo máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màdáámù, torí pé mo fẹ́ràn yín ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín. Gbogbo ìsàlẹ̀ Mapó ló ti mọ̀ pé ó máa ń bá wọn wẹ òkú."

"Wọn ò parọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń bá wọn wẹ̀ ẹ́."

"Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọwọ́ tó wẹ òkú láàárọ̀, ṣé orí tiwa ni kó tún wá dì lọ́sàn-án? Orí ẹni kì í ṣe nǹkan eré. Bí ẹ ò bá tètè dá a dúró, àwọn èèyàn ò ní jókòó síwájú ẹ̀ mọ́, ọkọ náà ò sì ní tètè wá. Mo ti sọ tèmi."

Ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ. Páákó kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín ibi tí mo ti ń ránṣọ àti ibi tí ọmọ mi ti ń dirun. Nígbà tí mo yọjú sí ọmọ mi, ó ń fi kóòmù ya irun tí wọ́n máa ń fi kún irun, kò wo ojú mi. Ó ti gbọ́. Òun ló máa ń dirun fún obìnrin yẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú irun tó ti ṣú ni kọ́sítọ́mà mi fi gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé.

Kí ẹ tó gbọ́ ìyókù, kí ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ kan yìí ni Ọlọ́run fún mi, ẹ̀rù sì máa ń bà mí nítorí rẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú sọdá títì Bẹẹrẹ títí ó fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo máa ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bó bá ti sùn pẹ́. Bí ẹnì kan bá ní ìkìlọ̀ kan nípa ọmọ, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbà á. Ṣùgbọ́n èyí tí kọ́sítọ́mà mi mú wá kò wọ̀ mí létí, mo sì fẹ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Ilé ọkọ mi wà ní Bẹyẹrúnká. Agboolé àtijọ́ ni, oórì àwọn tó ti lọ nínú ilé sì wà ní àgbàlá, lábẹ́ sìmẹ́ǹtì tí a máa ń sá ata sí. Orí ibẹ̀ ni ọmọ mi ti kọ́ ìwé kíkà. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá, ń ta ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ní Ọjà'ba. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ náà ló sì ń wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nínú agboolé.

Nígbà tí oyún mi ti wọ oṣù, ìyá tó bí Ìyá kú. Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, ó ti rí ọmọ-ọmọ-ọmọ; ọ̀dọ̀ Ìyá ló ń gbé, àgbàlá wa náà ni wọ́n sì sin ín sí. Wọn ò tíì ṣe àdúà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí mo fi bí ọmọbìnrin. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó tẹ́ ọmọ sórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànìnkànìn wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ọwọ́ òsì, ó dúró. Ìka tó kéré jù ní ọwọ́ náà tẹ̀ wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fi ha nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìka màmá rẹ̀ ṣe rí. Ìyá gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú ọṣẹ lára, ó kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Ìyá mi. Ẹ mà tètè dé."

Láti ọjọ́ yẹn kò fi orúkọ pe ọmọ mi rí. "Ìyá mi" ni. Bí mo bá na ọmọ náà nítorí pé ó ń ṣeré létí gọ́tà, màá gbọ́ ohùn láti inú yàrá:

"Ta ló ń na ìyá mi?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé ìwọ lo bí i ni?"

"Èmi ni mo bí i, mà."

"Ó dáa. Ìwọ ìyá àgbà mi, rọra nà án, jàre."

Ó kọ́ ọmọ náà láti máa pe òun ní "ọmọ mi". Ọmọ tí kò tíì lè so bàtà ara rẹ̀ yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò fi ọwọ́ lé ìbàdí, yóò ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ìyá yóò ní, "Mi ò tíì jẹun o, Ìyá mi. Ìyá àgbà ò tíì sebẹ̀." Èmi ni ìyá àgbà yẹn, tí ọbẹ̀ wà lórí iná lọ́wọ́ mi.

Ìyá ní àbúrò obìnrin kan, ìyá kan náà ló bí wọn. Kúdẹtì ló ń gbé, àlùbọ́sà ló ń tà ní Ọjà'ba. Òun náà ń pe ọmọ mi ní Ìyá mi, ó sì máa ń jowú. Bó bá wá kí wa, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá àwa méjèèjì ni o. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá ń jẹ ìgbádùn rẹ̀ níbí." Ìyá á dáhùn pé, "Gbé e lọ sí Kúdẹtì, bí ìyá àgbà bá gbà fún ọ." Wọ́n mọ̀ pé n kò ní gbà.

Àáfà mọ́sálásí wa kò fara mọ́ ọn. Ó wá sílé lọ́jọ́ kan, ó fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹ̀mí tó bá ti jáde lára ti dọ̀dọ̀ Ẹlẹ́dàá, kì í padà wá bí ẹni gbàgbé nǹkan sílé, àfi Ọjọ́ Àjíǹde. Ìyá tẹ́tí sí i títí ó fi parí. Ó ní, "Àáfà, mo gbọ́, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ta ló wá tẹ ìka yẹn?" Àáfà rẹ́rìn-ín, ó ṣàdúrà fún gbogbo wa, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́wàá, mi ò mọ èyí tí màá dì mú nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì. Mo dì wọ́n mú pọ̀.

Nígbà tí ọmọ náà wọ sẹ́kọ́ńdírì, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Kò pe Ìyá ní ọmọ mi mọ́. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Ìyá," bíi ti gbogbo wa. Mo rí i lójú Ìyá pé ó dùn ún. Òun ṣì ń pè é ní Ìyá mi.

Lẹ́yìn èyí ni ẹsẹ̀ Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kò lè dé ọjà mọ́. Ọmọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú ọṣẹ àti kànìnkànìn tó kù nínú igbá ọjà. Bó bá wẹ̀ ẹ́ tán, á di irun rẹ̀. Irun náà funfun, ó sì rọ̀ bí òwú, ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í jẹ́ kí ìlà rẹ̀ yẹ̀. Níbẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lónìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo gbọ́ tí Ìyá ní:

"Ìyá mi, ìwọ lo wẹ̀ mí nígbà tí mo dé. Nígbà tí mo bá ń lọ, má jẹ́ kí ẹlòmíràn gba iṣẹ́ náà mọ́ ọ lọ́wọ́."

"Mo gbọ́, mà," ni ọmọ mi wí, kóòmù wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo yára dá sí i. "Ìyá, ẹ máa pẹ́ fún wa."

"Àmín," ni Ìyá wí. "Màá pẹ́. Lẹ́yìn náà, màá lọ."

Ó pẹ́ díẹ̀ fún wa lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kété tí wọ́n kírun tán, ó lọ. Nínú ẹ̀sìn wa a kì í jẹ́ kí òkú sùn mọ́jú, nítorí náà gbogbo nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Àwọn ìyá tó máa ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sálásí wa dé. Wọ́n ní kí n wá aṣọ funfun, torí pé télọ̀ ni mí. Ọmọ mi kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Ẹnikẹ́ni ò rán an níṣẹ́ tó fi gbé ìkòkò omi kaná, tó ṣẹ́ apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ìgbà náà ni àbúrò Ìyá wọlé láti Kúdẹtì, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó rí ọmọ mi pẹ̀lú korobá omi gbígbóná, ó sì na ọwọ́ méjèèjì, ó dí ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Níbo lò ń lọ, Ìyá mi?"

"Mo fẹ́ bá wọn wẹ Ìyá, mà."

"Rárá o. Ó di èèwọ̀." Ó yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa ìyá mi lẹ́ẹ̀kejì ni? Ṣé o ò gbọ́ ọ rí pé òbí kì í rí òkú ọmọ rẹ̀, òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ? Ẹ̀gbọ́n mi tó sùn sínú ilé yìí, ọmọ ẹ̀ ni. Bó bá fi ojú kàn án, á bá a lọ."

Mo fi téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ sílẹ̀. Ohun tó wí kò ṣàjèjì sí mi. Nínú agboolé yìí, bí ọmọ bá kú, wọ́n máa ń mú ìyá rẹ̀ lọ jókòó síbi tó jìnnà, wọn kì í sì í fi ojú oórì hàn án títí láé. Ṣùgbọ́n n kò ronú rí pé òfin yẹn lè kan ọmọ mi. Bí gbogbo wa bá ti pè é ní ìyá Ìyá láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, tí a fi ṣe àwàdà, tí a fi ṣe ìkẹ́, ibo la fẹ́ fi orúkọ náà sí lọ́jọ́ òní? Mo ní kí ọmọ mi gbé korobá kalẹ̀, kó lọ jókòó sí yàrá mi, kó ti ilẹ̀kùn.

Ó gbé korobá kalẹ̀. Kò lọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú àbúrò Ìyá.

"Ẹ má bínú, mà. Ṣé ìyá yín ni mí lóòótọ́?"

"Ta ló ń jiyàn ẹ̀? Ìyá mi ni ẹ́."

"Bí mo bá jẹ́ ìyá yín, ẹ jẹ́ n kọjá, torí ọmọ kì í dínà mọ́ ìyá ẹ̀. Bí mi ò bá sì jẹ́ ìyá yín, ọmọ-ọmọ Ìyá lásán ni mí, kò sí èèwọ̀ kankan lórí mi. Èwo la fẹ́ mú níbẹ̀, mà?"

Àbúrò Ìyá wò ó, ó wò ó, títí ìbànújẹ́ ojú rẹ̀ fi yí padà díẹ̀. Ó ní, "Ẹnu ìyá mi gan-an rèé. Bó ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ ká wa mọ́ igun nìyẹn." Ó sọ ọwọ́ kan kalẹ̀, ó fi èkejì dí ọ̀nà síbẹ̀. Ó bi mí pé, "Ìwọ lo bí i. Kí lo wí?"

Láti inú yàrá, ìyá tó ń ṣáájú àwọn tó ń wẹ òkú pariwo pé, "Omi ń tutù o. Ẹ bá wa parí ẹjọ́ yín."

Ọmọ mi wò mí. Ẹ̀rù kò sí lójú rẹ̀, ẹ̀rù tó wà lójú tèmi ló ń wò. Mo ní, "Kó wọlé, mà. Ṣùgbọ́n èmi náà máa bá a wọlé." Mo wọlé kí n lè gbá a mú bó bá ṣubú.

Kò ṣubú. Wọ́n ti tẹ́ Ìyá sórí pákó gbọọrọ, wọ́n fi aṣọ bò ó láti àyà dé orúnkún. Wọ́n fi aṣọ wé ọmọ mi lọ́wọ́, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Ó bu omi sí ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ ná, bí Ìyá ṣe máa ń ṣe bó bá fẹ́ wẹ ọmọ tuntun, láti mọ̀ bóyá kò gbóná jù. Ó wẹ ọwọ́, ó wẹ ẹsẹ̀ tó wú náà, kò kánjú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yí Ìyá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ara ti wúwo, ó sì dúró.

Ìyá tó ń ṣáájú wọn ní, "Bá a sọ̀rọ̀. Kò tíì jìnnà."

Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. Ó ní, "Ọmọ mi, mo fẹ́ yí ọ sí ọ̀tún báyìí. Fi ara balẹ̀. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn gbẹ̀yìn lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo wọlé láti gbá a mú, ògiri ni mo fi ọwọ́ tì. Wọ́n yí Ìyá, ó sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ní kí ẹnì kan di irun rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, bí ẹ̀sìn ti wí fún obìnrin. Wọn ò wo ojú ẹlòmíràn. Ọmọ mi kó orí Ìyá sórí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ìka tó tẹ̀ yẹn wà lẹ́bàá etí rẹ̀, ó fi ọ̀tún ya irun. Wíwọn aṣọ ni iṣẹ́ mi, ojú mi kì í tàn mí: ìlà méjèèjì tó là sí irun náà tọ́ bí ìlà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì àti rúlà fà. Mo rò ó nínú ara mi pé èmi ni mo bí ọwọ́ yìí. Mo ti ránṣọ fún ìyàwó olówó àti ìyàwó ìjòyè, n kò tíì gbé orí sókè tó bẹ́ẹ̀ rí.

Aṣọ ló kàn. Mo ti gé e sí ẹyọ márùn-ún, mo sì mú abẹ́rẹ́ àti òwú dání láti ká etí rẹ̀. Ìyá tó ń ṣáájú wọn rí abẹ́rẹ́ náà, ó ní, "Dá a padà sápò, télọ̀. Ẹni tó ń lọ yìí kì í wọ ojú rírán." Wọ́n wé e fún un láìsí okùn abẹ́rẹ́ kan lára rẹ̀. Mo wá rántí pé nígbà tí ọmọ mi dé ayé, ògbólógbòó ìró Ìyá ni wọ́n fi gbà á, kò ní bọ́tìnnì, kò ní ojú rírán. Aṣọ tí a fi ń gba ènìyàn àti èyí tí a fi ń sìn ín sọ́nà, kò sí iṣẹ́ télọ̀ nínú méjèèjì. Àárín wọn ni gbogbo iṣẹ́ mi wà.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin gbé Ìyá jáde sí àgbàlá, sí ẹ̀gbẹ́ màmá rẹ̀, àbúrò Ìyá di ọmọ mi mú. Ó ní, "Mo ti gbà fún ọ. Ìwọ náà, gba èyí fún mi, má lọ wo ibẹ̀. Jókòó tì mí." Ọmọ mi jókòó tì í nínú yàrá títí wọ́n fi kó erùpẹ̀ bò ó tán. Ìka tó tẹ̀ yẹn ni arúgbó náà dì mú, kò fi sílẹ̀.

Mo ṣọ́ ọmọ mi fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mo ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀ bó bá ń sùn. Láti Ọjà'ba, àbúrò Ìyá ń bi ẹnikẹ́ni tó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá pé, "Ṣé ìyá mi jí dáadáa?" Ìyá rẹ̀ ń jí, ó ń jẹun, ó ń bá mi jiyàn, ó ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Nígbà tí ìyá tó ń ṣáájú àwọn tó ń wẹ òkú wá bẹ̀ wá pé kí ọmọ mi máa bá àwọn lọ wẹ òkú, mo bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní, "Mọ́mì, wọn ò pọ̀ mọ́ o. Àgbà ni gbogbo wọn, orúnkún ń dùn wọ́n." Ìgbà tó bá wẹ òkú, á dé ilé, á wẹ ara rẹ̀ mọ́, á wọ aṣọ mìíràn kó tó wá sí Bẹẹrẹ. Mo mọ̀, torí èmi ni mo ń gbé omi rẹ̀ kaná.

Òótọ́ ni kọ́sítọ́mà mi sọ ní apá kan. Bẹ́ńṣì iwájú ọmọ mi kò kún mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn kan á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á kí i láti òkèèrè, wọ́n á fi ọwọ́ pamọ́ sínú aṣọ kó má baà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Mo sọ ọ́ fún àbúrò Ìyá nígbà tí mo ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń bó èèpo àlùbọ́sà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó gòkè láti Ọjà'ba wá sí Bẹẹrẹ ní ọ̀sán gangan, ó kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́bàá ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí i, ó wọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi, ó fa kọ́tìnnì, ó sì ṣí gèlè rẹ̀.

"Ìyá mi, wá dirun fún mi nígbà tí mo ṣì lè mọ̀ bó bá ń dùn mí."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dí ọ̀nà mọ́ mi lọ́jọ́sí?"

"Ṣé ìyá mi kì í gbàgbé nǹkan ni? Dì í, jàre. Ṣùgbọ́n má dì í mẹ́ta o. Kò tíì yá."

Ó dì í ní mẹ́jọ, ó sì tọ́.

Ibi tí ẹ̀mí ń gbà lọ kò yé mi, bẹ́ẹ̀ ni n kò mọ̀ bóyá ó ń padà. Àáfà mọ tirẹ̀, àbúrò Ìyá mọ tirẹ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni bí ọmọ mi ṣe fi ọwọ́ gbé orí Ìyá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ka èyí, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Bí ẹ bá gba Bẹẹrẹ kọjá, tí irun yín bá ti ṣú, ṣọ́ọ̀bù méjì tí páákó pààlà sí ni tiwa. Ti ọ̀tún ni ti ọmọ mi. Ẹ wọlé, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ́ kó dirun yín.